Òdòdó Gúáfà fún Nélida Roa

"Ṣé ìwọ náà lo fẹ́ gba ẹrù tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Derlis bá mi sọ nìyẹn. Léèsì àkọ́kọ́ tí mo tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo gbé dé ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù ní Itauguá, ìlú wa ní Paraguay, Argentina ló ń lọ. Òun ń rẹ́ ògiri wọn. Mo wo ara ẹrù: àdírẹ́sì ara mi ni mo kọ síbi ti oníbàárà. Ojú tì mí.

"Bíríkìlà, gbájú mọ́ sìmẹ́ńtì ẹ."

"Mo ti gbájú mọ́ ọn látàárọ̀, kò rẹ́rìn-ín sí mi."

Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán ló ń wá sílé wa, a ó jọ máa mu tereré, omi ewé tútù, nínú ìwo màlúù kan náà. Bí mo bá fi òwú rán léèsì òdòdó gúáfà tán lórí aṣọ tí mo na mọ́ férémù igi, òun ló ń bá mi gé e kúrò lára aṣọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kì í lè rán òdòdó mìíràn.

Àmọ́ ìyá mi, Eulogia, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Derlis. Ṣùgbọ́n ilé onílé lò ń kọ́. Níbo lo máa gbé Zunilda sí?"

"Màmá, mò ń lọ ṣiṣẹ́ ní Buenos Aires. Ẹ fún mi lọ́dún méjì."

"Má pè é o, má sì kọ̀wé sí i, títí o fi máa ra ilẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹni tó máa fi fóònù dá ọmọ mi dúró."

Derlis sì gbà! Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ta ló tiẹ̀ bi èmi?

Fóònù mi ń dún lóòótọ́. Wọ́n ń pè láti Chile, wọ́n ń pè láti Brazil. Mo gba obìnrin mẹ́rin síṣẹ́. Gbogbo ayé ló ń wá mi, àfi ẹni tí mò ń wá. Àárò rẹ̀ sọ mí títí mo fi rù.

Obìnrin kan ní Buenos Aires, Nélida Roa, kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá. Òdòdó gúáfà kan ṣoṣo ló máa ń rà. Mo máa ń ṣàdúrà fún un.

Ní oṣù kọkàndínlógún, ó fi fọ́tò sójú ìwé ìtajà mi. Òdòdó mọ́kàndínlógún wà lára ògiri. Lórí tábìlì tó wà nísàlẹ̀, mo rí ìwo tereré kan tí ẹnu rẹ̀ ti sán, tí wọ́n fi òwú pupa dì. Èmi ni mo dì í. Èmi ni mo gbé e fún Derlis lọ́jọ́ tó ń lọ.

Mo gbé fóònù fún ìyá mi. Ó wò ó pẹ́.

"Kò pè ẹ́," ó wí. "Kò sì kọ̀wé. Ó kàn ń rán obìnrin yìí kó máa bá a ra òdòdó." Ó fi etí ìró nu ojú. "Olóríkunkun ọmọ! Ìwọ kọ̀wé sí i. Èmi ò sọ pé kí ìwọ má kọ ọ́."

Nígbà tí Nélida tún béèrè òdòdó kan, èyí tó máa pé ogún, mo rán an, àmọ́ n kò gé e. Mo kọ̀wé sí i:

"Màmá Nélida, ẹ má bínú, èyí ò ní kọjá ibodè. Ó ṣì wà lórí igi. Ẹ bá mi sọ fún bíríkìlà tó wà lọ́dọ̀ yín pé kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ gé e. Ilẹ̀ tí kò bá tíì rà, a ó jọ rà á."

Mo wá lẹ ìwé àdírẹ́sì ẹrù mọ́ ara igi náà, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ Derlis ni mo kọ síbi ẹni tó máa gbà á. Àdírẹ́sì ara mi ni mo kọ tẹ̀lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ṣì í kọ.