Gáráńtì Ò Bá Ọ̀bẹ Dé Ibẹ̀

Lọ́dún 1978, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún bàbá mi nílé ní Festac, mo kúnlẹ̀ mò ń nu ilẹ̀ ìdáná, ìdí mi kọjú sí ilẹ̀kùn, ni Owólabí wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ rí lára mi nìyẹn. Ìdí wà níbẹ̀ nígbà náà o, ẹ má wo tòní.

Ilé-iṣẹ́ tó ta fìríìjì fún wa ló rán an wá. Wọ́n fún wa ní gáráńtì ọdún kan: bó bá bàjẹ́, wọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún padà wá, ó tún padà wá. Fìríìjì ò ṣàìsàn. Èmi ló ń wá wò. Kò pẹ́ tí àwọn òbí mi fi gbà pé kó fẹ́ mi.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan tí fìríìjì kọ̀ tí kò tutù. Màmá ránṣẹ́ pè é. Àwọn obìnrin ìjọ wa kún pálọ̀. Owólabí yọjú láti ìdáná.

"Màmá, ọ̀bẹ lẹ fi ń họ yìnyín, ẹ ti lu páìpù gáàsì rẹ̀. Gáráńtì ò bá ọ̀bẹ dé ibẹ̀."

Màmá ní irọ́ ni, pé ohun yòówù kó ṣe é, gáráńtì ni gáráńtì. Owólabí ní ohun tó bá ti ara rẹ̀ bàjẹ́ nìkan ló wà fún. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó parí. Màmá ní òun ò ní fọmọ fẹ́ni tó pe òun ní òpùrọ́ lójú ìjọ.

Mo tẹ̀ lé e jáde pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́. Inú ń bí mi bí ẹni pé kí n fi gbá a lójú.

"Ṣé o ò lè pè mí sẹ́yìn, kí o sọ ọ́ sí mi létí? Ẹnu rẹ jò ju fìríìjì náà lọ."

"Bernice, ṣé kí n wá purọ́ ni?"

"Ta ló ní kí o purọ́? Ìyá mi ni mo ní kí o bọ̀wọ̀ fún."

Ó bínú lọ sí Abúlé Adó, ilé rẹ̀. Mo bínú sí Màmá náà, torí èmi ni mò ń fọ ọ̀bẹ yẹn, mo sì rí i pé ṣóńṣó rẹ̀ ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa wí bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ̀? A ń mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, a ò bára wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Owólabí gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé, láìwọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ibi tí mo ti sọ ọ́ ni mo ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni."

Màmá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ọrùn fi ro ó. Lẹ́yìn náà ló ní kó dìde lọ tún nǹkan òun ṣe. Ó dí ihò náà, ó rọ gáàsì sí i, omi wa tún tutù.

Títí Màmá fi kú, kò gbà pé ọ̀bẹ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń lọ ilé ọkọ lọ́dọ̀ Owólabí, tí mo tú ẹrù ìyàwó mi wò, mo bá ọ̀bẹ kan láàárín ìkòkò, tí wọ́n fi àkísà wé, ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja.

Màmá ò wojú mi. "Máa mú un lọ," ó ní. "Má jẹ́ kó sún mọ́ fìríìjì ọkọ rẹ."