Bàbá Mi Kì Í Ṣe Ẹnì Kan

Ọjọ́ tí èmi àti Akínbọ̀wálé kọ́kọ́ fojú kanra, kálàmù bíìkì pupa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi fa ìlà gba orí bàbá mi kọjá.

Nínú ìwé ni o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ la wà ní Parakou, láyé tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kàmáráàdì, ẹlẹgbẹ́, látorí ọ̀gá ilé-ìwé dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Akínbọ̀wálé, tó fi kíláàsì kan ṣáájú mi, ló gbọ́ Faransé jù nílé-ìwé wa, òun ni wọ́n sì ní kó máa yẹ aróko wa wò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi Kùdírátù, ọmọ Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, mo kọ tèmi nípa bàbá mi, Alájì Sàrúmì, tó ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́. Mo kọ ọ́ pé: "Mon père, ils sont partis à la mosquée." Bàbá mi, wọ́n ti lọ sí mọ́sálásí.

"Bàbá mélòó lo ní?" ló béèrè.

"Ẹyọ kan."

"Kí ló dé tó o kọ *ils*? Èrò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo, *il* ni. Wo *s* yìí, kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Ọ̀wọ̀ ló ń wá."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Gírámà ò mọ ọ̀wọ̀, kàmáráàdì."

"Gírámà ò gba ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà pa *s* mi rẹ́. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn tẹ̀ lé mi délé. Mo ká ìwé náà, mo fi í pa mọ́ sábẹ́ aṣọ mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá mi wá sínú oko ilé-ìwé, níbi tí a ti ń ro àgbàdo. Ọmọ Pọbẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní katikísímù ní ìjọ Kátólíìkì.

"Kúdí, o kì í mí tó o bá ń kọ̀wé," ló wí lọ́jọ́ kan. "Látòkè délẹ̀, kò sí fígúlù kan ṣoṣo, àmì kékeré téèyàn fi ń sinmi."

"Bí mo bá sinmi, wàá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

Lọ́jọ́ kejì, ó ju bébà kékeré kan sínú apẹ̀rẹ̀ mi: "Kùdírátù, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, dúró díẹ̀, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Mo ka fígúlù inú rẹ̀, mẹ́ta ni. Ìfẹ́ ọmọkùnrin yìí wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn.

Òun ló kọ́kọ́ jáde. Ìjọba rán an lọ kọ́ni ní Kandi. Kò tíì pé oṣù méjì tí bàbá mi fi sọ fún mi pé aláṣọ kan ní Malanville ti tọrọ mi, pé bí mo bá ti parí ìwé, ilé ọkọ ló kàn. Mo kọ̀wé sí Akínbọ̀wálé láìfi fígúlù kankan sí i. Òun náà kò fi àkókò ṣòfò, ó kọ̀wé sí bàbá mi. Faransé ló fi kọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa láti fi Yorùbá kọ nǹkan.

Bàbá mi ò mọ̀wé. Ajíbóyè, akọ̀wé pósítà, ilé ìfìwéránṣẹ́, ni wọ́n pè wá kà á fún wọn ní ojúde ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sókè:

"Kàmáráàdì Sàrúmì, mo kí ọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọmọ rẹ. Jọ̀wọ́, fún mi ní ọmọ rẹ kí n fi ṣaya."

"Ta ló ń kí ní *ọ*?"

"Ẹ̀yin ni, Alájì. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á."

"Áà, Alájì ti dọmọdé!" ni ọkùnrin kan pariwo, ni gbogbo ojúde bá ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti kéde nílé-ìwé wa pé *vous*, ìyẹn ẹ̀yin, fún ẹnì kan ṣoṣo, ìwà àwọn ọ̀gá òyìnbó àtijọ́ ni, pé *tu* ni ká máa pe gbogbo ènìyàn. Olólùfẹ́ mi, tí kì í rú òfin ìwé, kò rántí pé bí *tu* bá dé Zongo, "ìwọ" ló máa dà.

Bàbá mi wọlé. "Ọmọ tó fi mí ṣẹgbẹ́, tó tún wá jẹ́ Kátólíìkì. Malanville lò ń lọ."

"Mi ò lọ."

"Kùdírátù!" Àràmọ́tù ìyá mi di etí mú. "Bàbá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo mọ̀, ìyá mi. Bàbá, ẹ lè gbé mi dé Malanville. Ṣùgbọ́n bí kàmáráàdì tó ń so yìgì ní ọ́fíìsì ìjọba bá bi mí bóyá mo gbà, màá ní rárá, níṣojú àwọn àna yín. Ẹ ò bínú sí Akínbọ̀wálé. Faransé lẹ ń bínú sí."

Wọ́n wò mí títí. Ojú wọn le, tèmi náà le. Èmi ni mo jọ wọ́n jù nínú ọmọ wọn.

"Jẹ́ kó wá," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ojúde tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín ni kó wá. Faransé yẹn náà ni kó sì fi tún un ṣe."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dé lórí ọkọ̀ ẹrù láti Kandi, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni bàbá mi wí. "Yorùbá rẹ ò lábùkù. Faransé ni mò ń dúró dè."

"Monsieur, je vous demande pardon."

Ajíbóyè wẹ̀yìn wò, bóyá ẹni ẹgbẹ́ òṣèlú wà nítòsí. "Ó ní *ẹ̀yin*, Alájì. Ó ní kí ẹ forí jì í."

"Níwájú mi nìyẹn. Bí mo bá yíjú ńkọ́? Bó bá dé Pọbẹ̀, tó ń sọ fún wọn pé bàbá ìyàwó òun dé, kí ló máa pè mí?"

"*Il* ni," Ajíbóyè dáhùn. "Kò sí òmíràn."

"Kí ni ìyẹn?"

"*Ó*."

"Bí mo bá ti yíjú, mo di *ó*!"

Gírámà yẹn ló gbé Akínbọ̀wálé kúrò ní Pọbẹ̀, òun ló fi ń yangàn. Mo fa ìwé àtijọ́ yẹn yọ, mo nà án sí i.

"O ṣì ní i?"

"*S* mi ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó o dá a padà."

Ó wò mí, ó wo bàbá mi. Ó yọ bíìkì pupa lápò, ó kọ *s* náà padà, ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá kà á sókè: "Mon père, ILS sont partis à la mosquée!"

"Àṣìṣe ni!" Ajíbóyè figbe ta. "Ìwọ olùkọ́!"

"Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Tèmi ni. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi."

"Kí ló pè mí?" ni bàbá mi béèrè.

"Ó pè yín ní... *wọ́n*."

Bàbá mi tún fìlà wọn dé. Wọ́n wo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a máa jókòó lé e nílé," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ, *wọ́n* ti gbà."

Ní ọyẹ́ ọdún náà la so yìgì. Kàmáráàdì akọ̀wé ní kí Akínbọ̀wálé kọ orúkọ wa méjèèjì sínú ìwé. Ó kọ wọ́n pọ̀ ní ìlà kan, kò fi nǹkan kan sáàárín.

"Fígúlù ńkọ́?" ni mo rọra bi í.

"Ẹyinjú mi," ló wí, "mi ò dúró mọ́."