Obìnrin Ìdájí Orí Afárá Òsákà

Aṣọ àdìrẹ ni Ọláyíwọlá kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ẹni tó ró o. Kùrukùru ìdájí bo odò tó gba àárín ìlú Òsákà kọjá, ó bo ẹsẹ̀ afárá, ó sì bo àwọn iná aláràbarà tí wọ́n fi kọ orúkọ sára ilé gíga. Nínú funfun yẹn ni aṣọ aláró kan dá dúró lórí afárá, bí ẹni pé wọ́n sá a síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó yá ló rí gèlè, ó rí ọrùn gígùn tó dúdú minimini. Obìnrin Yorùbá ni.

Ọdún 1985 ni. Ọmọ Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn ni Ọláyíwọlá. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ló ń ṣe, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì rán an lọ sí ilẹ̀ Japan fún oṣù díẹ̀ kí ó lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun. Ìlú náà kì í gba ènìyàn láyè lọ́sàn-án. Èrò a máa wọ́ bí ìjàlọ, ọkọ̀ ojú irin a gbé wọn mì, a sì tún pọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ìdájí ló máa ń jáde lọ wo ìlú. Ó ti rí ààfin àtijọ́ wọn lórí odi òkúta. Ó ti rí ọjà ẹja, níbi tí àwọn ọkùnrin oníbàtà rọ́bà ti ń to ẹja sórí yìnyín. Ó ti rí àwọn ìyá arúgbó tí ń gbálẹ̀ iwájú ìta tí wọ́n sì ń wọ́n omi sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í ṣe ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ọmọ ilé kankan.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló wí.

Obìnrin náà yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n já lu nínú yàrá ara rẹ̀. "Ẹ̀ ń rí mi?" ló béèrè.

Ọláyíwọlá rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní irú aṣọ yẹn, afọ́jú pàápàá á rí i. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé láti ìgbà tí òun ti ń rìn ní ìlú yìí ní ìdájí, kò sẹ́ni tó wo òun lójú rí. Gbogbo wọn a gbójú sápá kan, wọ́n a kọjá, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ló dúró síbẹ̀. Ọláyíwọlá ní ìwà wọn ni, wọn kì í tẹjú mọ́ àlejò. Obìnrin náà mi orí, ṣùgbọ́n ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní Morádéyọ̀ ni orúkọ òun, ọmọ agbo ilé Ọ̀jẹ̀wálé ní Bẹyẹrunkà n'Ìbàdàn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń wo ìlú. Morádéyọ̀ mọ àwọn ọ̀nà tóóró tí kò sí nínú máàpù. Ó mú un lọ sí ojúbọ kan láàárín àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, níbi tí ère òkúta kan dúró sí. Omi tí àwọn ènìyàn ń dà sí i lára lójoojúmọ́ ti jẹ́ kí ewé wẹ́wẹ́ hù bò ó látòkèdélẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì hàn mọ́. Kannakánná ń ké lórí wáyà. Morádéyọ̀ bu omi, ó dà á sí ère náà lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ irú ojú tó ní tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí Ọláyíwọlá tẹrí ba kí ère onírọ́bà tí wọ́n wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ni Morádéyọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹni tó o kí yẹn ò dáhùn o, Láyí."

"Ó ń tijú ni. Ó rí i pé mo ti ní ẹnìkejì."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í jẹun lójú Ọláyíwọlá. Kì í jẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú. Bí oòrùn bá sì fẹ́ kan orí òrùlé, ó ti dìde nìyẹn, a yà sí ọ̀nà tóóró kan, bí Ọláyíwọlá bá sì sáré débẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Èéfín nìkan ni yóò máa rú láti inú ihò ilẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ọláyíwọlá padà sílé, ó sọ ọkàn rẹ̀ jáde. Ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya. Morádéyọ̀ kọjú sí omi odò.

"O ò mọ ohun tí mo jẹ́ nílé," ló wí. "Bí o bá ṣì fẹ́ mi, ní ìdájí ọjọ́ ọdún tuntun, wá dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má lọ sí Bẹyẹrunkà kí ọjọ́ náà tó pé."

Ọláyíwọlá ṣèlérí. Kò sì lè mú un ṣẹ. Kò tíì pẹ́ tó délé tí àárò fi gbé e lọ sí agbo ilé Ọ̀jẹ̀wálé ní Bẹyẹrunkà. Ó kàn fẹ́ rí ibi tí olólùfẹ́ rẹ̀ ti jáde ni. Ó bá ìyá kan tó ń ro aró nínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àgbékẹ́ ni orúkọ ìyá náà. Ojú rẹ̀ jọ ojú tí Ọláyíwọlá mọ̀, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu ọmọkùnrin náà.

"Morádéyọ̀ kí yín, Mà."

Igi tí ìyá náà fi ń ro aró bọ́ sínú ìkòkò. Kò pariwo. Ó ní kí ó tẹ̀ lé òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú oórì kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sán. Àgbékẹ́ sọ fún un pé omi Ògùnpa ló gbé ọmọ òun lọ lọ́dún 1980. Ojú òkú náà ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n rí i, aṣọ ìdí rẹ̀ ni òun fi dá a mọ̀. Ó wá béèrè irú aṣọ tí Ọláyíwọlá bá lára ẹni tó rí.

"Àdìrẹ ni, Mà. Ẹyẹ ló wà lára rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn."

"Aṣọ tí mo sin mọ́ ọn nìyẹn," ni Àgbékẹ́ wí. "Ọwọ́ mi yìí ló pa á láró."

Ọláyíwọlá kò mọ bó ṣe dé Ọ̀rányàn. Ibà gbé e dè. Ìyá rẹ̀, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ń pè ní Ìyá Àdúrà, jókòó tì í, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún un pé akúdàáyà ni. Ó ní ẹni tí ikú bá mú láìtọ́jọ́ a máa lọ gbé ìlú òkèèrè tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, títí ará ilé yóò fi rí i. Ó ní ẹni tó bá bá irú wọn ṣe ìpàdé kò ní í padà sílé. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó fi Mápó sílẹ̀.

Ọláyíwọlá ń rò ó lórí ibùsùn. Morádéyọ̀ kì í jẹun. Kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Oòrùn kì í bá a. Gbogbo rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ mu, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an. Síbẹ̀, bó bá ti rántí ẹ̀rín yẹn lẹ́bàá ògiri, àánú á bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkú ni lóòótọ́, òkú tó ń dá rìn ní ìlú àjèjì ni, tí kò sẹ́ni tó ń kí i.

Ní ìdájí ọdún tuntun, nígbà tí ìsìn àìsùn ṣì ń lọ, ó yọ́ jáde. Ọyẹ́ ti bo Ìbàdàn. Láti orí òkè Mápó, kò rí Ọjà'ba, kò rí Bẹẹrẹ. Àwọn páànù tó ti dípẹtà nìkan ló ń yọrí nínú ọyẹ́, bí ẹ̀yìn ẹran tó sùn. Àwọn òpó ńlá gbọ̀ngàn náà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, kò sì rí ẹni tó ni ín. Ó fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ó dúró.

Aṣọ ẹlẹ́yẹ ni ó kọ́kọ́ yọ.

"O ti lọ síbẹ̀," ni Morádéyọ̀ wí, nígbà tó rí ojú rẹ̀.

"Mo lọ. Wọ́n fi ojú oórì rẹ hàn mí."

"Kí ló dé tó o fi wá?"

"Mi ò mọ ohun tí o jẹ́," ni Ọláyíwọlá wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá kú, bí o bá yè, mi ò fẹ́ kí o dá dúró níbí."

Morádéyọ̀ jókòó sórí òkúta, ó bú sẹ́kún, ó sì sọ ọ́. Ìró ẹlẹ́yẹ méjì tó bára mu ni ìyá rẹ̀ pa láró fún un. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá náà rọ̀, òun àti Sìdí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ló jọ wà lọ́nà. Òtútù mú Sìdí, Morádéyọ̀ sì ró ọ̀kan nínú aṣọ náà fún un. Omi ya wọ́n síra. Igi kan ló gba Morádéyọ̀ sílẹ̀, ó sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn láìmọ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìdájí ló padà délé. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ yọjú, ó rí i, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ mí," ni Morádéyọ̀ wí. "Ó ní, 'Morádéyọ̀, sùn re. Má yà sí wa mọ́.' Gbogbo ará ilé jáde, wọ́n mú pàṣán àti òkúta. Láyí, nígbà tí ìyá rẹ bá bẹ̀ ọ́ pé kí o padà sí sàréè, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ibẹ̀ ni o ti wá."

Ó sá lọ sí Èkó. Ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Eunice, tí ọkọ rẹ̀ ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò láti Òsákà, wọ́n sì mú un lọ. Ìdájí nìkan ló máa ń ráyè jáde, kí ọ̀gá rẹ̀ tó jí. Kò lè jẹun lójú ènìyàn, nítorí ẹ̀rù a máa bà á pé oúnjẹ náà kò ní dùn lẹ́nu òun, pé yóò wá dá òun lójú pé òkú ni òun. Ọdún tuntun yìí ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ṣètò pé àwọn yóò wá ṣe nílé, wọ́n sì mú un dání.

Ọláyíwọlá na ọwọ́. Ó pẹ́ kí Morádéyọ̀ tó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ọwọ́ náà tutù bí omi àmù. Ọláyíwọlá kò jù ú sílẹ̀. Ó di í mú títí ó fi ń gbóná díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, wọ́n gba inú ìlú tó ń jí lọ. Aládùúrà kan tó ń ti ìsìn bọ̀ rí wọn, ó ya bàrà. Àwọn tó ń gbálẹ̀ dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Bẹyẹrunkà, àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè.

Àgbékẹ́ wà lẹ́bàá ìkòkò aró. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn kan ògiri. Ẹnì kan ti gbé òkúta. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé, olórí agbo ilé, tó jẹ́ pé ìdílé wọn ló ń gbé eégún ní àdúgbò náà, gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má sọ òkúta náà," ló wí. "Oòrùn ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ará ọ̀run ni, kò ní dúró dè é."

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sí àárín àgbàlá. Ọláyíwọlá kúnlẹ̀ tì í. Gbogbo ilé dúró. Adìyẹ kan ń họ ilẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ létí wọn. Ọyẹ́ kò jẹ́ kí ilẹ̀ tètè mọ́. Morádéyọ̀ pàápàá di ojú rẹ̀, nítorí kò dá a lójú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìmọ́lẹ̀ pupa kan yọ lókè òrùlé, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó kan gèlè rẹ̀, ó kan ojú rẹ̀. Òjìji rẹ̀ nà gbọọrọ sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Àgbékẹ́ wo òjìji náà. Ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kó má baà tẹ̀ ẹ́. Ó wá rìn lọ bá ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó tutù fún aró lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó gbóná," ló wí fún gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni mo sin?"

"Sìdí ni, Ìyá mi."

Ìyá náà jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ó sunkún ayọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì sunkún Sìdí, ọmọ aláìlẹ́bí tí kò sẹ́ni tó wá a rí.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ìyá Àdúrà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò lè gba obìnrin tó ní ojú oórì wọ ilé òun. Ọláyíwọlá kò bá a jà. Ó kàn sọ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì dúró lórí rẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, Ìyá Àdúrà gbọ́ pé wọ́n ti kọ orúkọ Sìdí sára sìmẹ́ǹtì tuntun. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún kò jẹ́ kó sinmi. Ó dá lọ sí Bẹyẹrunkà láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Morádéyọ̀ ló bá níbẹ̀, tó ń tu koríko, tó ń bẹ Sìdí pẹ̀lú omijé pé kó má bínú, aṣọ lásán ni òun fẹ́ fún un. Ìyá Àdúrà dúró lẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ pẹ́. Nígbà tó délé, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Òkú kì í ṣọ̀fọ̀ òkú."

Ọjọ́ ìdána, wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá Ọ̀jẹ̀wálé. Nígbà tó kan kí wọ́n pe ìyàwó jáde, olúkúlùkù ń retí kí ẹlòmíràn pè é. Ó ti mọ́ wọn lára láti máa pè é ní "ọmọ Àgbékẹ́". Kò tíì sí ará ilé kan tó pe orúkọ rẹ̀ sókè sínú ilé yẹn láti ọdún tí wọ́n ti lé e. Wọ́n ń wo ara wọn. Àgbékẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó sì tún wo ilẹ̀.

Ìyá Àdúrà ló dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn, ó sì pè é tohùn-tohùn.

"Morádéyọ̀."

Àwọn ọmọdé yọrùn wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo ń bọ̀, Mà," ni ẹnì kan dáhùn láti inú ilé. Ó jáde sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó ń ṣẹ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀. Ọláyíwọlá sún díẹ̀ lórí ẹní, kí àyè lè gbà á.