Akunlé Tó Ń Fi Nọ́ńbà Pe Àwọ̀

Ọ̀sán gangan ni akunlé kan wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan, ọ̀dà funfun ta sí i nírùngbọ̀n bí ẹni tó hewú láìtọ́jọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọbìnrin ọlọ́dà náà, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ẹ bá mi po èyí." Ó tẹ́ ìwé pélébé kan síwájú rẹ̀. 556B2F ló kọ síbẹ̀.

"Nọ́ńbà fóònù yín ni?"

"Àwọ̀ ni."

"Àwọ̀ wo?"

Akunlé wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀. "Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mi ò mọ̀."

Àtikékeré lọmọbìnrin náà ti ń bá bàbá rẹ̀ po ọ̀dà. Ta ló ń fi nọ́ńbà pe àwọ̀? Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ ìpo-ọ̀dà, àwọ̀ ewé tó ṣú dẹ̀dẹ̀ ló jáde. Akunlé ò tiẹ̀ bojú wo inú garawa. "Ó dára," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ló bá di pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Nọ́ńbà. Òun náà ń pè é ní Adúmáradán.

"Méjì àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n pupa," ni akunlé ṣàlàyé lọ́jọ́ kan. "Méjì àárín, ti àwọ̀ ewé. Méjì ìparí, ti búlúù. Òdo méjì, kò sí rárá nìyẹn. FF, ó kún dẹ́nu."

"Tí gbogbo wọn bá kún dẹ́nu ńkọ́?"

"Funfun báláú."

"Irọ́! Nínú garawa tèmi, bí ẹrẹ̀ ló máa rí."

"Ìmọ́lẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà, Adúmáradán. Ọ̀dà ni tiyín."

Orí ọmọbìnrin náà dàrú pátápátá. Ọkàn rẹ̀ gan-an ló dàrú jù. Ohunkóhun tí òun bá pò fún akunlé, "ó dára" ló máa ń wí. Ṣé nítorí òun ló ṣe ń wá ni, àbí ó ń fi í ṣẹ̀sín?

"Ó ń fi ọ́ ṣeré ni," ni bàbá rẹ̀ sọ.

Ìyẹn ló sún un débi tó fi dán an wò. Nígbà tí akunlé tún béèrè 556B2F, àwọ̀ igi ló pò fún un. Ó retí kó figbe ta.

"Ó dára," ni akunlé wí, ó sì gbé garawa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, màmá tó ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí akunlé ń kùn já wọ ṣọ́ọ̀bù. "Àwọ̀ ewé ni mo ní kó kùn! Ẹ wá wo ògiri mi. Mo ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà ju igi ìpo-ọ̀dà sílẹ̀. Ó sáré lọ síbẹ̀. Akunlé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e.

"Èmi ni mo ṣe é," ni ọmọbìnrin náà sọ, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa rí i."

"Mi ò rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ igi, ọ̀kan náà ni lójú mi. Nọ́ńbà ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Mo rò pé tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní fojú akunlé wò mí mọ́."

Ọmọbìnrin náà ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni, bóyá kó sunkún. Ó wọlé tọ màmá lọ, ó jẹ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀. Màmá fún wọn ní ọjọ́ méjì láti tún ògiri náà kùn.

"Akunlé tí kò mọ àwọ̀!" ni bàbá rẹ̀ ń pariwo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun nífẹ̀ẹ́ akunlé. "Òun lo fẹ́ fẹ́?"

"Bàbá mi, èmi mọ àwọ̀, mo sì fi ṣe é níkà. Òun ò mọ̀ ọ́n, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ."

Bàbá mú àkísà. Ó nuwọ́ títí. "Ní kó wá kí mi lọ́la," ló wí níkẹyìn.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kun igun ògiri tó kẹ́yìn tán, akunlé gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi? Mi ò ní lè sọ fún ẹ láé bóyá aṣọ ẹ bá bàtà ẹ mu."

"Èmi á máa sọ fún ẹ."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ni, ọkọ mi."

Akunlé di ọwọ́ rẹ̀ mú tọ̀dàtọ̀dà. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí títí màmá fi pè wọ́n pé òun fẹ́ tilẹ̀kùn.