Kéèkì Tí Ìyàwó Kì Í Jẹ

Ọjọ́ tí Hui-ju kọ́kọ́ rí Chin-tu, òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ọkùnrin náà sì ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láàárín títì pẹ̀lú agboòrùn ńlá kan lọ́wọ́. Kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló fi agboòrùn náà bò. Páálí pupa mẹ́fà tó tò sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ló ń fi bò, òun fúnra rẹ̀ rin gbindin, omi ń kán nímú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú fèrèsé ilé iṣẹ́ rédíò ni Hui-ju wà. Ó ní, "Ta ni wèrè yìí?"

Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni wèrè náà yà sí. Ọmọ Ọ̀gá Lim tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wọn ló ń lọ ilé ọkọ, kéèkì ìgbéyàwó sì ni Chin-tu kó wá kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ lè gba tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹnu fi ń jẹ. Hui-ju nìkan ló rọra ti tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ṣé àtọ̀gbẹ ń yọ yín lẹ́nu ni?"

"Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá."

"Ṣé kéèkì mi ló wá ṣẹ̀ yín? Ẹ wò mí bí mo ṣe rin bí ẹja nítorí rẹ̀!"

"Ẹ má bínú, bùọ̀dá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn tán ni. Ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé, ọgọ́rin èèyàn ló bá a lọ. Báwo ni mo ṣe máa wá fi nǹkan dídùn sẹ́nu?"

Chin-tu fi apá aṣọ nu ojú, ó wò ó dáadáa. "Háà! Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìròyìn aago méjì! Ama, ìyá bàbá mi, kì í jẹ́ ká pa rédíò. Ó ní, 'Ọmọ yìí, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọn ò se oúnjẹ fún.'"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Hui-ju fẹ́ bínú, inú ò bí i. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde padà sínú òjò, obìnrin náà tún lọ dúró lójú fèrèsé.

Kì í ṣe pé Hui-ju kórìíra ṣúgà o. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa ti ìgò ṣúgà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ilẹ̀ mì tìtì, ilé wó lu àwọn ará orí òkè lójú oorun. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Hui-ju fi bá wọn pọn omi, tó bá wọn pín bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ohùn ẹnìkan lábẹ́ àwókù, tó ń pè, tó ń pè, títí tí kò fi pè mọ́. Nígbà tó padà sí Lukang, ìlú rẹ̀, ó wọ tẹ́ḿpìlì Kuan-im, òrìṣà aláàánú, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nǹkan dídùn ò ní kan ahọ́n òun mọ́, àfi lọ́jọ́ tí òun bá ka ìròyìn tí ẹnikẹ́ni ò kú nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo péré ló bèèrè. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń kà, ọjọ́ náà ò tíì dé.

Lọ́kàn rẹ̀, oúnjẹ tí kò kárí ni ayọ̀. Bí òun bá bu tiẹ̀, ẹnìkan níbìkan ló máa sùn lébi.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Chin-tu dé pẹ̀lú ẹ̀pà oníyọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, bísíkíìtì alálùbọ́sà ló gbé wá. Nígbà tó di oṣù kejì, tí "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn, ó gbé páálí kékeré kan ka orí tábìlì, ó sì káwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń dúró de ìyìn.

"Kí lèyí?"

"Kéèkì tí mo dá sílẹ̀ nítorí rẹ. Kò sí ṣúgà, kò sí oyin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Hui-ju gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́, jẹ ẹ́, kò lọ. "Chin-tu, ògiri lo yan yìí o!"

Ọkùnrin náà gé e jẹ, àgbọ̀n rẹ̀ há. "Yéè! Bí Ama bá tọ́ èyí wò, á lé mi jáde nílé!"

Ẹ̀rín pa Hui-ju títí tó fi di tábìlì mú. Lójijì ló fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú.

Chin-tu rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá oníròyìn, ta lo jí ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni Hui-ju mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ ṣeé gbà padà, ẹ̀rù sì bà á.

Nígbà tí Chin-tu sọ nílé pé òun fẹ́ fi Hui-ju ṣaya, Ama ò fẹ́ gbọ́ rárá. "Ilé oníkéèkì ìgbéyàwó, kí ìyàwó ilé má jẹ nǹkan dídùn? Ṣé kí télọ̀ wá máa rìn níhòòhò ni?" Chin-tu lọ bá Hui-ju létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣáwùrú díndín, ó ní, "Hui-ju mi, jẹ́ ká fẹ́ra."

"Dúró ná."

"De kí ni?"

"O mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan péré tí ìròyìn ò bá mú ikú wá."

"Áà, Hui-ju! O ti sọ pé rárá nìyẹn, ọ̀wọ̀ lo kàn fi dì í." Ó gbìyànjú láti fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ò délẹ̀.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn nígbà tí àìsàn dá Ama gúnlẹ̀. Lójoojúmọ́, bí Hui-ju bá ti kúrò nídìí rédíò, ó di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Á fi aṣọ tútù nu ara fún un, á bá a tún irun dì. Màmá náà tí ò fẹ́ rí i tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń bèèrè pé, "Oníròyìn mi dà?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó di Hui-ju lọ́wọ́ mú. "O ń ka ikú àwọn èèyàn bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ ni gbogbo wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyè wọn ńkọ́, ta ló ń bá wọn ka ìyẹn?" Hui-ju rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta Ama dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n bàbá Chin-tu tó jẹ́ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Gim, pe àwọn méjèèjì jókòó. Àǹtí Gim kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ mọ àṣà wa. Ẹ ṣe ìgbéyàwó kí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé, àbí kẹ́ ẹ dúró di ọdún mẹ́ta. Èwo lẹ fẹ́?"

Hui-ju ní, "Àǹtí, ẹkún ò tíì gbẹ lójú wa, ẹ ní ká wọ aṣọ ìgbéyàwó pupa?"

"Ṣé èmi ni mo dá àṣà sílẹ̀?"

Chin-tu ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta, màá dúró." Kò wo ojú Hui-ju nígbà tó ń sọ ọ́.

Ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe kéèkì ìgbéyàwó fún èèyàn, nítorí náà Chin-tu ti ṣọ́ọ̀bù. Ààrò tí kò tutù rí látìgbà tí wọ́n ti bí i wá tutù. Ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Nígbàkigbà tí Hui-ju bá débẹ̀, iwájú ààrò ló ń bá ọkùnrin náà, ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kò pè é ní ìyá oníròyìn mọ́. Ó ń ṣe sùúrù, sùúrù náà sì ń jẹ ẹ́ tán lọ. Hui-ju rí i. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí ọdún mẹ́ta bá pé, "dúró ná" náà ni òun yóò tún sọ, ọjọ́ kan á sì wà tí òun máa dé ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó síwájú ààrò mọ́.

Lọ́jọ́ kẹtàléláàádọ́rùn-ún, bàbá àgbàlagbà kan wọ ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ní Khu lorúkọ òun, láti orí òkè lòun ti wá ra kéèkì sílẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ òun, òun bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, òun wá ní kí òun tilẹ̀ rí olóhùn inú rédíò kí òun tó lọ.

Nígbà tí Hui-ju jáde sí i, bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n! O ò rántí mi, ọmọ mi, àmọ́ mo rántí rẹ. Ìwọ lo kọ omi atalẹ̀ ìyàwó mi."

"Èmi, Bàbá?"

"Ọjọ́ kejì tí ilé wó. Ìyàwó mi rí ṣúgà díẹ̀ nínú àwókù, ó gbé ìkòkò ka orí òkúta mẹ́ta, ó se omi atalẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo yín mu. Ìwọ ní rárá."

Hui-ju rántí. Ó rántí ife náà, èéfín rẹ̀, àti ọwọ́ tó dì í mú. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ pàdánù gbogbo nǹkan. Mi ò fẹ́ gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Àmọ́ wò ó, ilé ò sí mọ́, àga ò sí, àwo ò sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè mú ìyàwó mi jọ onílé ni kó fún àlejò ní nǹkan mu. O ò jẹ́ kó ṣe é." Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀. "Títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá, bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, á ní, 'Ọmọ yẹn nìyẹn. Àbí atalẹ̀ yẹn ló pọ̀ jù ni?'"

Ẹkún bú jáde lójú Hui-ju. Ọdún mẹ́ta ló fi rò pé òun ń fi ẹnu gbígbẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn èèyàn yẹn.

"Má sunkún," ni Bàbá Khu ń wí. "Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́, ẹ̀rín ni!"

Nígbà tí bàbá náà lọ tán, tẹ́ḿpìlì Kuan-im ni Hui-ju gbà lọ. Ó mú igi pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ń bi òrìṣà léèrè, ó ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́, ṣé ẹ lè tú mi sílẹ̀?" Ó dà wọ́n sílẹ̀, méjèèjì ṣí inú sókè. Kuan-im ń rẹ́rìn-ín nìyẹn, kò tíì dáhùn. Ó tún un dà, òrìṣà tún ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì!" Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kan ṣí, ọ̀kan dojú dé, òrìṣà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bá Chin-tu níbi tó máa ń bá a.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Dá mi lóhùn jàre!"

"Méje."

"Ṣé ọjọ́ méje tó yan kéèkì ìgbéyàwó?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ta ló ń gbéyàwó?"

"Ìwọ ni. Bí o bá ṣì ń fẹ́ ìyá oníròyìn."

Chin-tu dìde, ó tún jókòó. "Àwọn èèyàn ò tíì ṣíwọ́ ikú kíkú o, Hui-ju."

"Mo mọ̀. Mo ka mẹ́tàdínlógún lónìí, ó sì ń dùn mí. Mo sì fẹ́ ọ, ìyẹn náà ń dùn mọ́ mi. Méjèèjì ló wà nínú mi, mi ò ní lé ọ̀kan jáde nítorí ìkejì mọ́."

Hui-ju na ọwọ́ sí i. Chin-tu gbá a mú, ó sì sun ẹkún Ama tí kò tíì sun látọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó parí, ó nu imú, ó ní, "Ó yá, bá mi ṣáná sí ààrò."

Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ṣe é, níwájú àwòrán Ama. Ìdílé nìkan ló wà níbẹ̀, àti Bàbá Khu tó gbé fúláàsì kan dání. Hui-ju gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, atalẹ̀ yìí ò pọ̀ jù. Ó ṣe déédéé." Bàbá Khu mi orí.

Hui-ju nawọ́, ó bu kéèkì tó wà níwájú rẹ̀, ó fi sẹ́nu. Igbe ta!

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Àǹtí Gim ni. "Ìyàwó kì í jẹ kéèkì ìgbéyàwó ara rẹ̀! Ayọ̀ rẹ lò ń jẹ tán yẹn!"

Ẹnu Hui-ju kún. Ó wo Chin-tu, ó ti ń bẹ̀rù díẹ̀.

"Jẹun, ayọ̀ mi," ni Chin-tu wí, ó sì tún gé òmíràn fún un. "Èmi ni mò ń yan án. Báwo ló ṣe fẹ́ tán?"

Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì, Hui-ju jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Omíyalé ti pa èèyàn mọ́kànlá níbìkan, ó ka orúkọ ìlú wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sáré fò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lórí òkè, ọmọ-ọmọ Bàbá Khu ń lọ ilé ọkọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kéèkì rẹ̀ ti wà nínú ààrò. Ẹ kú ọ̀sán o."

Ní ṣọ́ọ̀bù, Chin-tu tí fùláwà kún ojú gbé rédíò sún mọ́ àwòrán Ama. "Ama, ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Wọ́n ti ń se oúnjẹ fún un."