Ìwé Ní Kí Wọ́n Pínyà, Sinimá Kọ̀

Nígbà tí iná tàn nínú gbọ̀ngàn sinimá kan ní Montevideo, olú ìlú Uruguay, ọkùnrin gíga kan tó wọ súwẹ́tà pupa ṣì ń sunkún. Kò tilẹ̀ fojú pamọ́. Ó ń fọn ikun imú rẹ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá ara rẹ̀. Anselmo, olùkọ́ lítíréṣọ̀ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wò ó títí, inú bí i. Kí ló tó ẹkún nínú irú ìwà ọ̀dàlẹ̀ yìí?

Ìwé tí wọ́n fi ṣe sinimá náà ni Anselmo fẹ́ràn jù láyé. Ìtàn ọkùnrin méjì tó ń rẹ́ irun àgùntàn lóko ni, ìfẹ́ kó sí wọn lára. Nínú ìwé, ọ̀kan bá ọkọ̀ ojú irin lọ, èkejì ò lè la ẹnu pé má lọ. Nínú sinimá, ẹni tó ń lọ sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó, wọ́n jọ ń mu màté, omi ewé gbígbóná tí wọ́n ń fi igbá kan náà mu yíká.

Ọmọ ẹgbẹ́ awòsinimá ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọn kì í sì í lọ sílé láìjiyàn. Anselmo dìde.

"Wọ́n ba ìwé jẹ́! Ojú ìwé mẹ́wàá gbáko ni òǹkọ̀wé fi sọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin tó dákẹ́ yẹn. Sinimá ò sọ gbólóhùn kan!"

Onísúwẹ́tà yíjú sí i. "Ọ̀gá olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kó máa rojọ́ fún àgùntàn ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ìgbà tó gbé màté fún ẹni tó ń lọ, ìyẹn mu ún, ó dá igbá padà. Kò dúpẹ́."

Họ́wù! Ọmọ Uruguay wo ni kò mọ̀? Ẹni tó bá dúpẹ́ nídìí màté ti mu tán, kò fẹ́ mọ́. Ẹni tí kò dúpẹ́ ṣì wà níjòókòó. Anselmo ò sì kíyè sí i.

Wọ́n jiyàn náà dé ìta, wọ́n jiyàn dé etí omi.

"Waldemar lorúkọ mi," ni onísúwẹ́tà wí. "Dókítà eyín ni mí. Tó o bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, mo ti mọ gbogbo àṣírí ẹ."

"Mi ò ní rẹ́rìn-ín nígbà náà," ni Anselmo wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bá wọn.

Ìfẹ́ náà dùn. Àmọ́ Waldemar ń fẹ́ ohun kan: kí Anselmo mú òun lọ sílé ìyá rẹ̀, kó sì pe òun ní olólùfẹ́ rẹ̀. Anselmo ṣèlérí. Ó dọjọ́ Sunday, wọ́n ń yan ẹran lórí ẹyin iná lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, Doña Nélida.

"Màmá, Waldemar rèé. Òun... òun ló ń tọ́jú eyín mi."

Waldemar wò ó. Nígbà tí Doña Nélida gbé màté fún un, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan péré, ó dá igbá padà.

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Anselmo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Wàdé mi, jọ̀ọ́, fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Èmi ò lè máa gbé inú ìwé ẹ, Anselmo. Mo mọ bó ṣe parí."

Olùkọ́ padà sídìí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tù ú nínú mọ́. Ló bá tún lọ wo sinimá náà, òun nìkan, ní ọ̀sán gangan. Ojú rẹ̀ wá là. Ta ló ní wọ́n ba ìwé jẹ́? Ìwé náà dára, ó dára dọ́ba: ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, ta ló jẹ́ gbà pé irú wọn lè ṣe ju kí wọ́n pínyà lọ? Àwọn tó ṣe sinimá fẹ́ràn ìwé yẹn débi pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ tó há ọkùnrin tó dákẹ́ náà lọ́fun, wọ́n sọ ọ́ di igbá màté lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń bá wí, ó jókòó ń ṣàríwísí.

Ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Màmá, Waldemar kì í ṣe dókítà eyín mi."

"Mo mọ̀. Eyín wo ni dókítà ń wò tójú ẹ̀ fi ń dán báyẹn?" Doña Nélida pòṣé. "Ìwé tó ò ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí lọ́mọdé, mo kà á tán. Ọkùnrin tó dákẹ́ yẹn bí mi nínú! Mo ń retí kó o sọ̀rọ̀, ìwọ náà yadi."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ṣé èmi lo máa bẹ̀ ni? Dìde ńbẹ̀!"

Kò kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ Waldemar kó tó wọlé. Ìyá àgbà kan nà gbalaja lórí àga, òwú kún ẹnu rẹ̀.

"Anselmo, mo ń ṣiṣẹ́."

"Mo rí i. Mo purọ́ nílé Màmá, mo sì ti lọ sọ òótọ́. Olólùfẹ́ mi ni ọ́. Ìyá yìí náà ń gbọ́. Má lọ, Wàdé. Jẹ́ ká lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó."

Ìyá àgbà bá tu òwú jáde.

"Dókítà, ẹ dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn! Ẹnu ti ń ro mí!"

Waldemar yọ ìbòmú rẹ̀.

"Mo gbà," ó ní. "Ó yá, lọ jókòó síta, kí n parí eyín ìyá yìí."

Anselmo jókòó síta láàrin àwọn aláìsàn, omi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá kan fọwọ́ bà á léjìká.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé eyín ọ̀ún ló ń dùn ọ́ tó báyìí?"

"Rárá, sà," ni Anselmo wí, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo wọn gbọ́. "Ọkọ mi ni mò ń dúró dè."