Ephraim Ní Kí Wọ́n Kà Á Síta

Ọjọ́ tí Fidelis bá rí ẹrù gbé, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun Ephraim.

Awakọ̀ tírélà ni àwọn méjèèjì, ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Wharf Road. Ephraim ti lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀. Fidelis, ọmọ Ajégúnlẹ̀, kò tíì lo mẹ́ta. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń dá ronú, tó ń pín ẹrù fún wọn, Fidelis ló máa ń kọ́kọ́ pè. Bí Fidelis bá rẹ́rìn-ín, Ephraim á ní òun ló ń fi ṣẹ̀sín. Bó bá wọ bàtà tuntun, inú Ephraim á máa ta bí ata.

“Ó ti ṣe nǹkan sí ẹ̀rọ yẹn ni,” ló ń sọ kiri Malu Road.

Ilé-iṣẹ́ náà ti lẹ ìlérí kan mọ́ ògiri: awakọ̀ tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi fi òun sẹ́yìn, àwọn yóò sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ephraim di ìlérí náà mú, ó ní kí wọ́n sọ ìdí náà fún òun.

Dorothy, akọ̀wé wọn, mú ìdáhùn jáde síbi tí àwọn awakọ̀ dúró sí. Bó ti wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

“Brọ̀dá Ephraim, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì lọ kà á.”

“Ọ́fíìsì kẹ̀? Ẹ fẹ́ bo Fidelis láṣìírí! Kà á síta, kí gbogbo wọn gbọ́.”

Dorothy kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti fẹjọ́ Fidelis sùn pé ó ń jí epo ọkọ̀ tà. Wọ́n wádìí, irọ́ ni. Fóònù Ephraim ni gbogbo ẹjọ́ náà ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń pè é kẹ́yìn.

Azubuike, awakọ̀ bíi tiwọn, bú sẹ́rìn-ín. “Oga Ephraim, na you say make dem read am o!”

Ephraim sá lọ sẹ́yìn tírélà rẹ̀. Fidelis tẹ̀lé e.

“Fidelis, wá bú mi. Ṣebí o ti borí.”

“Mo ti ń fura sí yín tipẹ́, brọ̀dá mi. Mo fẹ́ gbẹ̀san, Jésù ni kò jẹ́. Ẹ̀rọ yẹn, ohun tí ẹ fi fóònù ṣe nìkan ló mọ̀. Jésù mọ èyí tó wà nínú yín, síbẹ̀ ó kú fún yín.”

“Ṣé o mọ̀ pé mo gbàdúrà kí bíréèkì rẹ já lórí afárá?”

Fidelis sún mọ́ ọn. “Ẹ sọ ìyẹn náà fún Un.”

Ephraim kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Jésù, ìlara mi fẹ́ pààyàn. Gbà mí.”

Títí dòní, òun ni wọ́n ṣì ń pè kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe Fidelis, òun ló ń bá a di okùn ẹrù, oúnjẹ sì ń lọ lọ́fun rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Orúkọ ta ni o kò fẹ́ gbọ́? O lè ní ẹni náà ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní bi ọ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Tìrẹ ni yóò béèrè. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Dárúkọ ẹni náà fún Jésù, jẹ́wọ́ ibi tí o rò sí i, kí o sì tọrọ àánú. Má dúró dọ̀la. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ ronú pìwà dà.